Corolla tòkúnbọ̀ 2010: rímù 17 wo ló lè wọ̀ ọ́?

Àyìnlá_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla 2010 ni mo ní, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà. Rímù irin 15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, táyà 195/65R15. Àlọ́ì 17 ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n fi hàn mí ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Àkọ́kọ́ jẹ́ rímù Camry 2008 tó ṣì mọ́ dáadáa. Èkejì jẹ́ rímù tuntun oníhò mẹ́wàá, wọ́n kọ 17x7.5 ET35 sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú 73.1. Ẹni tó ń tà á ní méjèèjì máa wọ̀, pé Toyota ni Toyota. Táyà 215/45R17 ló fẹ́ fi sí i. Ìgboro Ìbàdàn ni mo ti ń wa ọkọ̀ náà jù, mo sì máa ń gbé e lọ sí Èkó. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Rímù_Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, ti Camry yẹn ò lè wọ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n ba ọkọ̀ jẹ́ fún ọ. Camry 2007 sí 2011, bóòtù márùn-ún lórí 114.3 ni, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 60.1. Corolla Amẹ́ríkà tìrẹ, bóòtù márùn-ún lórí 100 ni, ihò àárín 54.1. Nọ́ńbà 100 tàbí 114.3 yẹn ni fífẹ̀ òbírí tí àwọn bóòtù náà tò yí ká, ní mìlímítà. Àwọn kan máa ń fi fáìlì fẹ ihò rímù kí bóòtù lè ráyè kọjá. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí nọ́ọ̀tì ò ní jókòó síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un mọ́, etí kan ṣoṣo ló máa fi gbá rímù mú. Irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, bóòtù á sì gé.

Rúlà lásán ti tó láti mọ èyí tí wọ́n gbé fún ọ. Wọ̀n ọ́n láti àárín ihò bóòtù kan dé àárín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 5x100, wàá rí bíi mìlímítà 58.8. Tó bá jẹ́ 5x114.3, wàá rí 67.2. 5x112 ti Mercedes àti Audi á fún ọ ní 65.8, ibẹ̀ lojú ti máa ń tan èèyàn, nítorí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 114.3 ò ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ.

Rímù oníhò mẹ́wàá, 5x100 àti 5x114.3 ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ pọ̀ sára rẹ̀, nítorí náà bóòtù rẹ lè wọ̀ ọ́. ET35 pẹ̀lú 7.5, ìyẹn fífẹ̀ rímù ní íǹṣì, ni wàhálà rẹ̀. ET, tí à ń pè ní offset, ni iye mìlímítà tó wà láàárín agbedeméjì fífẹ̀ rímù àti ojú tó fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, irin ara ọkọ̀ tí à ń de rímù mọ́. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i ni rímù á máa yọ síta sí i. Wo ara rímù irin tìrẹ, wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ti Corolla máa ń wà láàárín 39 sí 45.

Ká ní 15x6 ET45 ni tìrẹ. Láti 6 dé 7.5 jẹ́ íǹṣì kan àbọ̀, ìyẹn mìlímítà 38. Ìdajì rẹ̀, 19, bọ́ sínú, 19 bọ́ síta. Offset tó wálẹ̀ láti 45 sí 35 tún ti gbogbo rímù síta ní 10. Etí ìta wá yọ ní 29 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí inú sì sún mọ́ ṣọ́kù ní 9. 29 yẹn ti pọ̀ jù fún Corolla tí wọn ò fọwọ́ kan fẹ́ńdà rẹ̀. Gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, kí o sì bọ́ sí kòtò, táyà ẹ̀yìn á ha etí fẹ́ńdà. Bẹ́ríǹgì á máa ru ẹrù ní ibi tí wọn ò ṣírò fún un, sìtíárìn á sì máa fà tẹ̀lé gbogbo gègèlè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gùn.

17x7 ET45 á yọ síta ní bíi 13 péré. 17x7 ET40 á yọ ní bíi 18. Mi ò ní fẹ́ kí o kọjá ìyẹn.

Ọ̀gá_Balansi

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ihò àárín kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó sí balansi lásán.

73.1 tí wọ́n kọ sára rímù yẹn fẹ̀ ju ọrùn họ́ọ̀bù Corolla lọ ní mìlímítà 19. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè wọ oríṣiríṣi ọkọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ra ring mẹ́rin tí wọ́n kọ 73.1–54.1 sí lára, kí ó dí àlàfo náà. Láìsí ring, nọ́ọ̀tì nìkan ló máa gbé rímù sí àárín, tó bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí iré bá ti dé bíi 80 sí 110. Ẹ̀rọ balansi ò lè rí i, torí kónù ẹ̀rọ náà ti gbé rímù sí àárín fúnra rẹ̀. Orí ọkọ̀ ni àṣìṣe wà. Ring àlùmíníọ̀mù ni kí ẹ rà. Ooru bíréèkì a máa rọ ti oníke, á yọ́ mọ́ họ́ọ̀bù, yíyọ rímù lọ́jọ́ mìíràn á wá di ogun.

Rímù tí ihò rẹ̀ bá kéré ju 54.1 lọ ò ní wọlé rárá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé.

Nọ́ọ̀tì náà ṣe pàtàkì. Bóòtù Corolla jẹ́ M12x1.5, sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 ló ń tú u. Ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ síra. Nọ́ọ̀tì rímù irin ní ẹnu ṣóńṣó tó dà bíi kónù. Ọ̀pọ̀ àlọ́ì àtilẹ̀wá Toyota ń lo nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn tó ní wáṣà pẹlẹbẹ. Rímù tuntun ti ọjà sábà máa ń béèrè ṣóńṣó tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 60. Tí ẹ bá fi oníwáṣà sínú ihò ṣóńṣó, tàbí ẹ fi ṣóńṣó sínú ihò pẹlẹbẹ, yóò fún lónìí, yóò sì tú láìpẹ́. Ẹ fi iná fóònù tan ihò náà kí ẹ tó ra nọ́ọ̀tì. Tí ọ̀dà tuntun bá bo ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó, ẹ há a kúrò. Ọ̀dà a máa fọ́ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà kí ẹ tó lo spanner, ó gbọ́dọ̀ yí tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó fọwọ́ kan rímù. Tó bá dín, bóòtù ti kúrú fún rímù yẹn.

Adé_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, èyí wúlò fún àwa tí à ń fi rímù ránṣẹ́ sílé láti London níbí. Corolla tí wọ́n tà ní Yúróòpù láàárín 2002 sí 2006, bóòtù mẹ́rin lórí 100 ni. Èyí tó tẹ̀lé e di 5x114.3, ihò àárín 60.1. Orúkọ kan náà ni, ọdún sì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n rímù Corolla tí ẹ bá rà ní Bìrìtìkó ò ní wọ Corolla Amẹ́ríkà tó wà n'Ìbàdàn. Ẹ wo VIN ọkọ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀: tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Kánádà ni wọ́n ti tò ó; 1NX, California ni. Ti Amẹ́ríkà ni méjèèjì, 5x100.

Rímù Golf 4 pọ̀ níbí, owó rẹ̀ ò wọ́n, 5x100 sì ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó o ránṣẹ́. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 57.1, ring lè yanjú ìyẹn. Àmọ́ ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí lára rẹ̀ rí roboto bí ọmọ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ṣóńṣó. Nọ́ọ̀tì Toyota ò lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Àfi kí ẹ rí nọ́ọ̀tì M12x1.5 tó ní ẹnu roboto irú rẹ̀. Ti Subaru Impreza oní-5x100 sàn jù, ṣóńṣó ni, 56.1, ẹ kàn wo offset rẹ̀, nítorí ó sábà máa ń ga ju ti Corolla lọ, etí inú sì lè sún mọ́ ṣọ́kù.

Awakọ̀_Ọ̀tà

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá, ó dà bíi pé ẹ ń dẹ́rù ba ọmọkùnrin yìí. Toyota fúnra wọn gbé 17 sí Corolla XRS 2009, 215/45R17 ló bá a wá láti ilé iṣẹ́. Tí rímù bá jẹ́ 5x100 tí offset rẹ̀ sì dára, kí ló burú níbẹ̀? Ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú ní kọ́nà ju ti 15 lọ.

Rímù_Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Ó wọ̀ ọ́, kò sí àríyànjiyàn. Ọ̀nà wa ni mo ń wò. Nọ́ńbà àárín nínú 195/65R15 ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ní ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. 65 nínú ọgọ́rùn-ún 195 jẹ́ mìlímítà 127. Ti 215/45R17 jẹ́ 97. Mìlímítà 30 ti lọ nínú rọ́bà àti afẹ́fẹ́ tó ń gba ìyà kòtò. Tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò tí etí rẹ̀ mú lórí iré 60, etí rímù á fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ etí kòtò, okùn inú rẹ̀ á já, táyà á sì wú ní ẹ̀gbẹ́. Táyà tó bá ti wú kò ní àtúnṣe. Rímù náà á tẹ̀, a ó sì gbé e lọ fún àwọn tó ń nà án. Àlọ́ì tí wọ́n bá ti fi iná yọ́ tí wọ́n sì nà tán ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tí 17 bá jẹ́ dandan, 205/50R17 sàn ju 215/45R17 lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 102.5, gíga gbogbo táyà sì bá ti ilé iṣẹ́ mu. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ fi 25.4 sọ íǹṣì rímù di púpọ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ táyà lọ́nà méjì kún un. 195/65R15 jẹ́ 634.5. 205/50R17 jẹ́ 636.8, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. 215/45R17 jẹ́ 625.3, ọkọ̀ á wálẹ̀ ní bíi mìlímítà 5 sí i, bọ́m̀pù àdúgbò á sì máa ha abẹ́ rẹ̀. 205/55R16 jẹ́ 631.9. 205/65R15, tí àwọn kan ń fi sí i kí ọkọ̀ lè ga, jẹ́ 647.5. Ó ti ga jù ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún: tí máìlì bá kọ 100, 102 lẹ ń sá. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdá mẹ́ta lókè tàbí nísàlẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù náà. 91 tó wà lẹ́yìn 195/65R15 túmọ̀ sí kílò 615 fún táyà kan. 215/45R17 tí wọ́n kọ 87 sí ń gbé 545 péré. Oní-XL, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe kó lè gbé ẹrù sí i, tí wọ́n kọ 91 sí ni kí ẹ rà. Fún 205/50R17, 89 jẹ́ 580, 93 XL jẹ́ 650. Ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn lè gbé wà lórí ìlẹ̀mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n kọ GAWR síbẹ̀. Ẹ pín in sí méjì, táyà kan gbọ́dọ̀ ju iye náà lọ. XL sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i kó tó gbé ìwọ̀n ẹrù kan náà.

Àbúrò, tó bá jẹ́ èmi ni mo máa yàn, 16 ni. 16x6.5 tàbí 16x7, ET40 sí 45, táyà 205/55R16 91V. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 113, ojú rẹ̀ fẹ̀ ju 15 lọ, táyà yẹn sì wà ní gbogbo ìsọ̀ láti Ìbàdàn dé Kútọnu, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń lò ó. Tí ọ̀kan bá bẹ́ lálẹ́, o ò ní wá èkejì rẹ̀ tì.

Àyìnlá_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. 16 ni mo máa lọ fún. Táyà wá ńkọ́? Tòkúnbọ̀ tó ṣì nípọn, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti tuntun. Ṣé ó burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ni?

Màmá_Táyà_Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, ó burú. Nípípọn ojú táyà kọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Rọ́bà a máa gbó láti inú bí wọn ò tiẹ̀ lò ó, oòrùn wa sì ń yára gbó o. Wàá rí i ní ìsàlẹ̀ àwọn eyín táyà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Tó bá gbóná lójú ọ̀nà Èkó, ojú táyà á ṣí kúrò lára okùn rẹ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọ Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ìsọ̀.

Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, tó bá jẹ́ pé DOT tí kò ní ọjọ́ lo rí, yí táyà náà padà, kí o wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Nọ́ńbà mẹ́ta péré túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni FRSC ń kà fún táyà. Èyí tí kò tíì ju ọdún kan lọ ni kí o béèrè. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop Ìkẹjà dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008, nítorí náà orí omi ni táyà tuntun ń gbà wá, ó sì lè ti pẹ́ nínú kọ̀ǹtínà àti ilé ìkẹ́rù. Tuntun tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ pọ̀ ní ìgboro.

Wo TEMPERATURE náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ló dára jù fún ooru wa, B ṣeé lò, má mú C. Má sì gba táyà tí wọ́n kì bọ ara wọn nínú, tí wọ́n ká wálẹ̀ láti Kútọnu. Etí rẹ̀ tó ń di rímù mú ti ṣẹ́, afẹ́fẹ́ á máa jò níbẹ̀ títí ayé.

Tí owó ò bá tó mẹ́rin, ra méjì tuntun, kí o sì fi sẹ́yìn. Èyí tó ṣì dára nínú ti tẹ́lẹ̀ ni kó wà níwájú. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á yí po, kò sì rọrùn láti mú un padà.

Awakọ̀_Ọ̀tà

Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti rò pé iwájú ni tuntun ń lọ.

Àyìnlá_Bódìjà

Mo rí rímù kan lónìí: àlọ́ì 16x6.5 ET39, 5x100, ihò àárín 54.1, tòkúnbọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní dúdú. Rímù irin tèmi, mo wo ara rẹ̀, 45 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀, báwo sì ni kí wọ́n ṣe dè é?

Rímù_Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Ìyẹn dáa. Ìdajì íǹṣì ló fi fẹ̀ sí i, 6.35 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Offset tún tì í síta ní 6. Yóò yọ síta ní bíi mìlímítà 12, inú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Kò nílò ring rárá.

Ọ̀dà dúdú yẹn ni kí o ṣọ́ra fún. Yí rímù dé, kí o wo inú agbada rẹ̀, ibi tí wọn kì í kùn dáadáa. Tí o bá rí ibi tí irin ti wú tàbí tí fáìlì ti kọjá, wọ́n ti jó o. Fi ìka tọ etí inú yí ká, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ balansi láìsí táyà, kí wọ́n yí i, kí o gbé ìṣó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀: àlàfo tó wà láàárín ìṣó àti etí náà kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ju mìlímítà kan lọ bó ṣe ń yí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọ̀gá_Balansi

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé rímù kan láìsí táyà sórí iwájú, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì mẹ́ta dè é, kí ẹ yí i. Kó má kan kálípà, kí ìka kékeré kan sì lè kọjá láàárín òun àti ẹsẹ̀ ṣọ́kù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ ra fáàfù tuntun mẹ́rin. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi gbé táyà wọ àlọ́ì. Irin ọwọ́ fọ́kanáísà á há etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa jò. Lẹ́ẹ̀dì balansi tó ń lẹ̀ ni kí wọ́n lò, wọn kò gbọdọ̀ gbá oníkọ́ mọ́ àlọ́ì. Tí táyà bá ní OUTSIDE lára, ìyẹn ló ń kọjú síta; tó bá ní ọfà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lọ ni kó tọ́ka sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù, torí ìpẹtà bíńtín a máa jẹ́ kí rímù dagun.

Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì márààrún wọlé, kí ẹ fún wọn ní ìrísí ìràwọ̀, ọ̀kan fo ọ̀kan, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi torque wrench, spanner tó ń wọn agbára ìfún, parí rẹ̀ ní 103 Nm. Ẹ má fi gọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ parí rẹ̀, ó ń na bóòtù, á sì jẹ́ kí díìsìkì bíréèkì tẹ̀. Tí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fún un ní 103.

Afẹ́fẹ́: ẹ tẹ̀lé ìlẹ̀mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, bíi psi 30 sí 33 ni, ní àárọ̀ tí táyà ṣì tutù. Àwọn fọ́kanáísà fẹ́ràn láti fẹ́ ẹ dé 40. Ẹ má gbà, àárín ojú táyà nìkan á máa jẹ, ẹsẹ̀ á sì máa fò nínú kòtò. Ẹ ṣe alignment lẹ́yìn rẹ̀.

Àyìnlá_Bódìjà

Ó yé mi. Nọ́ọ̀tì rímù irin mi, ṣé mo lè lò ó fún àlọ́ì yìí?

Ọ̀gá_Balansi

Ẹ wo ihò rẹ̀. Tó bá ṣóńṣó, ẹ lè lò ó. Tí ìsàlẹ̀ ihò bá rí pẹlẹbẹ, àlọ́ì Toyota nìyẹn, ẹ ra ogún nọ́ọ̀tì oníwáṣà M12x1.5. Kí ẹ sì kó márùn-ún nínú ti ṣóńṣó pamọ́ sínú bùùtù fún sípíà, torí irin ni rímù sípíà, ẹnu ṣóńṣó ló sì bá a mu.